Ẹsẹ̀ tó jóná létí ìsun omi gbígbóná: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí òkè

Àwa márùn-ún la gun òkè lọ́jọ́ náà láti lọ wẹ̀ nínú ìsun omi gbígbóná kan tó wà ní nǹkan bí mítà 2,100 sókè ìtẹ́jú òkun. Àwa márààrún náà la sọ̀ kalẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀. Mo ń kọ àkọsílẹ̀ yìí nítorí pé èmi ni mo ṣètò ìrìn àjò náà, èmi ni mo mú tẹmọ́mítà dání, èmi náà ni mo sì sọ fún àwọn yòókù pé omi náà ṣeé wọ̀. Òótọ́ ni mo sọ lásìkò tí mo sọ ọ́. Kó tó pé wákàtí kan lẹ́yìn náà, kì í ṣe òótọ́ mọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí a jẹ́, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, jẹ́ ọmọ ọdún 52. Ara rẹ̀ le, ó mọ òkè gùn, àmọ́ ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, èyí tí n kò mọ̀ nítorí pé n kò béèrè. Obìnrin kan wà pẹ̀lú wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyàwó mi ni ẹnì kẹrin, èmi ni mo ṣe ìkarùn-ún. Kí a tó kúrò nílé, a kọ ọ̀nà tí a máa gbà àti aago tí a máa dé sínú ìwé, a sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó mọ ibi tó yẹ kó ké sí bí kò bá gbọ́ ohùn wa. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà, èyí ni n kò ní yí padà rárá.

Ìsun náà wà lẹ́bàá odò kékeré kan tó ń ti orí òkè ṣàn bọ̀. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbóná kò ṣòro láti lóye. Omi òjò àti ti yìnyín tó yọ́ máa ń gba inú pàlàpálá òkúta rin wọlẹ̀ lọ, bó sì ṣe ń jìn sí i ni àpáta tó ń bá pàdé ń gbóná sí i, ní ìwọ̀n bí 25 sí 30°C fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Nígbà tó bá wá rí ibi tí àpáta ti ya, yóò gbabẹ̀ gòkè padà kíákíá kó tó tutù. Níbi tí òkè ayọnáyèéfín bá wà nítòsí, ìgbóná náà lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Níbi tí a lọ yìí, omi náà ń yọ lábẹ́ òkúta ńlá kan ní 68°C, ó sì ń gba ojú ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn lọ, fún bíi mítà mẹ́rin kó tó já sínú adágún kékeré tí àwọn tó ti wá ṣáájú wa fi òkúta tò yí ká. Ní òdìkejì adágún náà, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òkúta méjì kí omi tútù odò lè máa wọlé. Àlàfo náà kò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Adágún náà kò ní ìgbóná kan tó jẹ́ tirẹ̀: ohun tí omi gbígbóná bá mú wá àti ohun tí omi tútù bá mú wá ni wọ́n ń pàdé nínú rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì dín kù, èkejì á borí. Mo dúró lókè rẹ̀, mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà bí olùkọ́. Síbẹ̀ n kò bi ara mi léèrè ohun tó lè dí àlàfo ìka mẹ́rin.

Ojú kò lè wọn omi gbígbóná, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé kò dìgbà tí omi bá ń hó kó tó pa ènìyàn lára. Bí a ṣe ń gòkè ni omi ń tètè hó: létí òkun, 100°C ló ń hó, ní gíga ibi tí a wà, kò ju nǹkan bí 93°C lọ. Awọ ènìyàn kì í sì í dúró de híhó. Omi tó wà ní 60°C lè jó awọ àgbàlagbà jinlẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, èyí tó wà ní 49°C lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, awọ ọmọdé àti ti arúgbó kò sì ní fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Tí omi náà bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí ohun tí ojú lè fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi tútù. Ní ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ogún ènìyàn tí irú omi bẹ́ẹ̀ ti jó pa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 23 kan kúrò lórí ọ̀nà pákó tí wọ́n ṣe fún àlejò ní Norris Geyser Basin nínú ọgbà yìí, ó ń wá ibi tí yóò ti wẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo bí omi ṣe gbóná tó, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́ sínú rẹ̀, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ni mo rò tí mo fi so tẹmọ́mítà mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá ìrìn mi, kí n má bàa na ọwọ́ tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ sórí omi tí n kò mọ̀.

A débẹ̀ ní nǹkan bí aago 11:10 àárọ̀, lẹ́yìn ìrìn wákàtí mẹ́ta àti àbọ̀. Ní 11:20, mo ti tẹmọ́mítà bọ adágún náà ní etí tí a gbà dé, mo dúró títí ó fi dákẹ́, ó ka 39.5°C. Inú mi dùn. Ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń mójú tó ìlera sábà máa ń fúnni lórí adágún omi gbígbóná ni pé kó má kọjá 40°C, kí aboyún àti ọmọ kékeré tilẹ̀ yẹra fún un. Mo wọn ojú ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà, níbi tó kù díẹ̀ kó já sínú adágún: 61°C. Mo nawọ́ sí i, mo sọ fún gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà mo nu tẹmọ́mítà mi, mo fi í sínú àpò. Ibi tí àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní 11:30, gbogbo wa wọnú omi. A ti bọ́ bàtà sílẹ̀ létí adágún, nítorí a rò pé bàtà kò wúlò fún ẹni tó ń wẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ri orí bọ omi lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì wa ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì ṣe é mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, àwa mẹ́rin ti jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń nu ara, a ń wá aṣọ gbígbẹ nítorí atẹ́gùn òkè tutù. Ẹ̀gbọ́n kò jáde. Ó fi ẹ̀yìn ti òkúta, ó di ojú, ó ní eegun òun kò tíì rí ìsinmi báyìí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ń wò ó láti ibi tí mo dúró sí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n dé etí, òógùn ń ṣẹ́ jọ lókè ètè rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló wà, ewé gbígbẹ kan sì léfòó kọjá níwájú àyà rẹ̀, ó lọ dúró pẹ̀lú àwọn ewé mìíràn ní ẹnu àlàfo omi tútù. Mo rí ewé náà. Mo rí i dáadáa, mo sì rò pé ó lẹ́wà.

Mo fẹ́ ní kó jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni, ara ń tù ú, ojú sì tì mí láti máa pàṣẹ fún ẹni tó jù mí lọ. Mo kàn sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì wà dáadáa?” Ó ní, “Dáadáa ni mo wà, má da ara rẹ láàmú.” Ìdáhùn rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ooru ti mú lára kì í ṣe ẹni tó yẹ kí a máa bi bóyá ooru ti mú un, nítorí ọpọlọ tó máa dáhùn gan-an ni ooru ń bá jà.

Ní 12:10, ó dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí òkúta kan tó ní èéhù aláwọ̀ ewé, ó dúró bí ẹni tó ń ronú nǹkan, ojú rẹ̀ yí sókè, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀. Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Orí rẹ̀ kò kan òkúta, a dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bọ́ sínú ojú ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó há sáàárín òkúta méjì. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló fà á yọ. Mo rò pé kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Igbe tó ké nígbà tó jí láti inú dídákú náà ṣì wà létí mi.

Ohun tó mú un ṣubú kì í ṣe àìlera, kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó. Nígbà tí ara bá wà nínú omi gbígbóná, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ máa ń fẹ̀ kí ooru lè rí ọ̀nà jáde, bí wọ́n sì ṣe ń fẹ̀ ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀. Ooru náà kò wá rí ọ̀nà jáde nítòótọ́, torí gbígbẹ òógùn ló ń tu ara lára, òógùn kì í sì í gbẹ nínú omi. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ṣì jókòó, omi ń fún ẹsẹ̀ àti ikùn mọ́ra, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, nítorí náà ẹni náà kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà. Ìgbà tó bá dìde lójijì, àtìlẹ́yìn omi yẹn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ já sí ẹsẹ̀, èyí tó dé ọpọlọ kò sì tó mọ́. Fi ìrìn wákàtí mẹ́ta àti àbọ̀ kún un, fi omi mímu tí kò tó ìgò kan kún un, kí o wá fi oògùn tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti mú ìfúnpá wálẹ̀ kún un. Ẹ̀gbọ́n kò mu ọtí rárá, èyí tí ì bá tún mú un burú sí i. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta péré tí ènìyàn bá fi jókòó sétí adágún, tí ẹsẹ̀ nìkan kù nínú omi, tó sì di ohun kan mú nígbà tó bá ń dìde, máa ń fún ara láyè láti tún ara rẹ̀ ṣe. A kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni kó tó wọnú omi.

Bí mo ṣe ń sáré kiri, nọ́ọ̀sì wa kò sáré. Ó ní kí a tẹ́ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ gbalaja, kí a má jẹ́ kó jókòó. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dìde. Obìnrin náà fi ọwọ́ lé e láyà, ó sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú.” Ogún ìṣẹ́jú náà ló fi da omi odò sórí ẹsẹ̀ tó jó, láìdúró, pẹ̀lú ìgò méjì tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń pọn wá ní pàṣípààrọ̀. Ìtọ́jú iná àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: omi mímọ́ tó tutù níwọ̀nba, tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, ó sì ṣì máa ń ṣe àǹfààní bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta sí àkókò tí iná jó ènìyàn. Kì í ṣe yìnyín, nítorí yìnyín ń ba awọ tó ti bàjẹ́ jẹ́ sí i. Ìyàwó mi mú ìpara jáde láti inú àpò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ̀ ọ́. Ó ní ìpara, òróró, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín ń sé ooru mọ́nú ni, dókítà ni yóò sì tún fi ìrora họ wọ́n kúrò.

Ohun tí mo rí lára ẹsẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, nítorí ó ń tan ènìyàn jẹ. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó kàn pọ́n, ó ń dán, láti orí ọmọ ìka títí dé òkè kókósẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé ó sàn. Kó tó di ìgbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, ìléròrò ti yọ lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tóbi tó ẹyin ẹyẹlé, awọ gìgísẹ̀ sì ti funfun, ó ti ṣá, kò sì dun ẹ̀gbọ́n nígbà tí omi bá kàn án níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ibi funfun yẹn pẹ́ ju ibi tó pọ́n lọ. Ibi tí iná jó tí kò dunni mọ́ ló jinlẹ̀ jù. Bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ìka, èyí tó dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ara ènìyàn, ohun tó jó kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n iná tó bá jó ẹsẹ̀, ọwọ́, ojú, abẹ́ tàbí oríkèé ara gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, bó ti wù kó kéré tó. A kò fọ́ ìléròrò kankan. A fi ọ̀rá mímọ́ tín-ín-rín tí a fi ń wé oúnjẹ bo ẹsẹ̀ náà láìfún un mọ́ra, a sì ń fún ẹ̀gbọ́n ní omi mu díẹ̀díẹ̀.

Ní gbogbo àkókò tí a ń tu ẹsẹ̀ lára, ara tó kù ń gbọ̀n. Ọkùnrin tí ooru dá kú ní 12:10 ni òtútù ń pa ní 12:35. Ara rẹ̀ tutù nítorí omi, iṣan awọ rẹ̀ ṣì fẹ̀, atẹ́gùn òkè sì ń fẹ́ lé e. Mo ti ronú nípa iná, n kò ronú pé ẹnì kan náà lè ní ìṣòro méjèèjì láàárín ìdajì wákàtí. A bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, a fi gbogbo aṣọ gbígbẹ tí a ní wé e, a tẹ́ àpò sábẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ má fa ooru ara rẹ̀, a sì wá ibi tí atẹ́gùn kò dé.

Ibi tí a rí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wá lọ́ṣẹ́ tó ju ti ẹsẹ̀ lọ. Ó jẹ́ kòtò kan tó wà lẹ́yìn òkúta tí omi gbígbóná ń yọ lábẹ́ rẹ̀, àpáta yí i ká, ilẹ̀ ibẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. A gbé ẹ̀gbọ́n síbẹ̀, inú wa dùn pé a rí irú ibẹ̀. Òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyàwó mi ní òun kò gbóòórùn náà mọ́, ó ní bóyá atẹ́gùn ti gbé e lọ. Atẹ́gùn kò sì dé ibẹ̀. Ìdí tí a fi yàn án nìyẹn. Orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Nígbà tí èrò méjèèjì pàdé lọ́kàn mi, àyà mi já.

Gáàsì hydrogen sulphide ló ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, nítorí náà ó máa ń kó jọ sínú kòtò, sínú ihò, àti sábẹ́ yìnyín tó ti yọ́ nísàlẹ̀. Tó bá kéré, imú tètè gbọ́ ọ; tó bá fi dé nǹkan bí ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan, imú a kú fún un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ènìyàn a sì rò pé ó ti lọ. Carbon dioxide, tó máa ń bá a jáde níbi púpọ̀, kò tilẹ̀ ní òórùn rárá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, arìnrìn-àjò mẹ́rin kú lórí òkè Adatara ní Jàpáànù nítorí gáàsì yìí kan náà tó kó jọ sínú ihò òkè ayọnáyèéfín náà. A kò ní ẹ̀rọ tí a lè fi wọ̀n ọ́n, a kò sì dúró jiyàn. Àwa mẹ́rin gbé ẹ̀gbọ́n lórí aṣọ ìbora jáde lọ sí ibi tó ga, tó ṣí sílẹ̀, lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ó tutù níbẹ̀, a sì fara mọ́ òtútù náà. Orí fífọ́ mi rọlẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí.

Fóònù kankan kò ní nẹ́tíwọọ̀kì níbẹ̀. Gbígbé e sọ̀ kalẹ̀ fúnra wa wá sí wa lọ́kàn, a sì pa èrò náà tì nítorí ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbi méjì. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yọ̀, aláìsàn á di méjì. Ìyàwó mi àti ọ̀dọ́mọkùnrin ló jọ lọ, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n gun ṣóńṣó kan tó jìn tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn adóòlà bá sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sórí ìwé kí wọ́n tó lọ: ibi tí a wà, ọjọ́ orí aláìsàn, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀, oògùn tó ń lò. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa oògùn náà, láti ẹnu ẹ̀gbọ́n, nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í. Àwọn adóòlà dé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí a ń dúró dè wọ́n, mo padà lọ síbi adágún náà pẹ̀lú ọ̀pá mi. Etí tí mo ti wọ̀n ọ́n ní 39.5°C ní àárọ̀ ka 43°C. Ẹ̀bá òkúta tí ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, tó sún mọ́ ẹnu ojú ìṣàn gbígbóná, ka 44.5°C. Mo lọ wo àlàfo omi tútù. Ewé ti tò síbẹ̀ lé ara wọn bí ojú ìwé, iyanrìn ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi tó ń wọlé kò sì ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Mo fi ìka ko ewé náà kúrò, omi odò sì ya wọlé pẹ̀lú ariwo. Mo dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún wọ̀n ọ́n, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan òkúta kankan. Ìrìn ẹsẹ̀ wa nínú adágún ló ru iyanrìn àti ewé sókè, omi sì gbé wọn lọ síbẹ̀. Mo ṣèrò ìgbóná omi bí ẹni ń ṣèrò gíga òkè, bí ohun tí a máa ń wọ̀n lẹ́ẹ̀kan tí a sì ti mọ̀ ọ́n tán.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fọ ojú egbò náà, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n sì sọ pé títú tí a tu ẹsẹ̀ lára fún ogún ìṣẹ́jú ló jẹ́ kí ojú ẹsẹ̀ lè jinná fúnra rẹ̀. Gìgísẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti gé awọ tín-ín-rín lára itan rẹ̀ láti fi bò ó. Ó tó ọ̀sẹ̀ méje kó tó wọ bàtà. Nọ́ọ̀sì wa sọ fún àwọn dókítà pé inú omi tó ń ṣàn gba ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà wà, kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò tó lè wọ ojú egbò. Ó tún bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ri orí bọ omi pé kó máa sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí fún òun lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méjìlá. Kòkòrò aláìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Naegleria fowleri, tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 1965. Ó fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè fara da ìgbóná tó fi dé 46°C, bí omi bá sì gbé e gba imú wọlé, ó lè dé ọpọlọ. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ àwọn tó kó o kì í sábà yè é. Orí fífọ́, ibà, èébì àti ọrùn líle ni ohun tí a ń ṣọ́. Ọjọ́ méjìlá náà kọjá láìsí ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n kò dá mi lẹ́bi. Ó ní òun ló pẹ́ nínú omi. N kò gbà fún un, nítorí ẹni tó mọ bí omi ṣe ń rí ló yẹ kó ṣọ́ omi, ẹni tó ń ṣètò ìrìn ló sì yẹ kó béèrè nípa oògùn àti àìsàn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó kúrò nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ojú àwọn yòókù níbẹ̀. Bàtà tí a bọ́ tún ń dùn mí: bàtà omi tó nípọn kì bá dáàbò bo kókósẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ̀ rárá. Ohun tí mo sì rò jù ni ibi tí ó jókòó sí. Mo wọn etí kan, ó jókòó sí etí kejì. Nínú adágún kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju yàrá kékeré lọ, ìyàtọ̀ ìwọ̀n kan àti àbọ̀ ló wà láàárín wọn.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ní ká padà lọ. Ó ti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oògùn náà, a sì lọ láàárọ̀ kùtùkùtù. Kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ bàtà ìrìn kúrò, mo wọn adágún níbi márùn-ún, ní òkè omi àti ní ìsàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin sì gbọ́n iyanrìn àlàfo omi tútù. Tẹmọ́mítà wà nínú omi ní gbogbo àkókò náà, a fi okùn so ó mọ́ òkúta tí ẹ̀gbọ́n ń rí láti ibi tó jókòó sí. Ìyàwó mi dúró sókè pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ àti aago, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti má wọnú omi. Ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ omi gbígbóná ka 41°C, èyí tó sún mọ́ omi tútù ka 38°C, apá ti omi tútù ni a jókòó sí. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kejìlá, ìyàwó mi pè, “Ẹ̀gbọ́n, ó tó.” Ó jókòó sórí òkúta gbígbẹ, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi, èyí tó ní àpá àti èyí tí kò ní, ó dúró títí ojú rẹ̀ fi mọ́lẹ̀ kedere, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì dìde.